Omi Inú Ọkọ̀: Láti Ayé Ọkọ̀ Akẹ́rù dé Ayé Ọkọ̀ Alágbára Méjì

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí omi inú ọkọ̀. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé.

Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Iṣu tí a wà lóko, kajú tí a ṣà, àgbàdo àti ẹ̀wà wa, ọkọ̀ ló ń kó wọn dé ọjà. Bí ọdún iṣu bá dé ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọkọ̀ a máa wọ́ tìrítìrí lójú ọ̀nà. Bí omi ọkọ̀ kan bá gbẹ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jóná, ẹrù á dúró sójú ọ̀nà, aláìsàn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn náà á dúró. Owó tí olówó ọkọ̀ fi ọdún púpọ̀ kó jọ lè ṣòfò láàárín wákàtí kan.

Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ rí dì mú nínú ìtàn yìí. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé ilé ayé, ooru ẹ́ńjìnnì kò lọ rí. Ibi tó ń gbé nínú ọkọ̀ ló ń yí padà. Bí ibùgbé rẹ̀ bá yí padà, ó yẹ kí ọ̀nà tí a fi ń ṣọ́ ọ náà yí padà.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ FI Ń GBÓNÁ?

Epo ló ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Iná tó ń jó epo yìí ló ń fún ọkọ̀ ní agbára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo agbára epo ló ń ti ọkọ̀ lọ. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, nǹkan bí ìdá kan péré ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ìyókù di ooru. Apá kan bá èéfín jáde, apá kan sì kù sí ara irin.

Omi ló ń gba ooru yìí kúrò lára irin. Pọ́ńpù á ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká. Omi náà á gbóná, á sì lọ sínú radiétọ̀ tó wà níwájú ọkọ̀. Níbẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ ẹ tí ó fi ń tutù. Lẹ́yìn náà, á tún padà sí ẹ́ńjìnnì. Ó dà bí ẹni tó ń fi korobá gbọ́n ooru láti inú ilé lọ dà síta. Bí omi inú korobá bá kù díẹ̀, ooru á kún ilé.

Bí omi bá tán, irin á wú, orí ẹ́ńjìnnì á tẹ̀, nígbà mìíràn á sì là. Ọkọ̀ mìíràn wà tí kì í tún rìn mọ́ láti ọjọ́ náà.

ỌKỌ̀ OJÚ IRIN LÓ KỌ́KỌ́ MU OMI

Ọkọ̀ ojú irin ti ń mu omi ní ilẹ̀ wa kí ọkọ̀ akẹ́rù tó pọ̀. Ní 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ojú irin láti Kútọnu lọ sí òkè. Ní 1911 ó ti dé Ṣábẹ̀ẹ́. Kí ó tó di 1940, ó ti dé Pàrákú. Orúkọ ilẹ̀ wa nígbà náà ni Dàhọ̀mì. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1975 ni a yí i padà sí Bẹ̀nẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ìgbà náà ń da iná sábẹ́ omi kí omi lè hó. Èéfín omi gbígbóná náà ló ń ti ọkọ̀ lọ. Nítorí náà, ó ní láti dúró lọ́nà kí wọ́n bu omi sí i. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń fẹ́ kí omi rẹ̀ hó. Ọkọ̀ tiwa kò fẹ́ kí omi rẹ̀ hó rárá.

Ọ̀nà ojú irin náà gba Ìdáṣà kọjá, kò gba Savalou tàbí Bantè. Ẹrù ìhà ọ̀dọ̀ wa ní láti wá ọ̀nà mìíràn dé ìdí ọkọ̀ ojú irin. Orí ènìyàn ló kọ́kọ́ ń gbé e. Ìgbà tó yá ni ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ náà.

OBÌNRIN TÓ WÁ OMI FÚN ỌKỌ̀

Ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Karl Benz ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń lo epo. Ní oṣù kìíní 1886, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lé e lórí. Ọkọ̀ náà ní omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ṣùgbọ́n kò ní radiétọ̀ bíi ti òní. Bí omi náà bá ti gbóná, ńṣe ló ń hó tó sì ń fò lọ.

Ní oṣù kẹjọ 1888, Bertha, ìyàwó Benz, gbé ọkọ̀ náà jáde. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì ni wọ́n jọ lọ. Wọ́n rìn láti ìlú Mannheim dé Pforzheim. Ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà. Kò sí ẹni tó ti fi ọkọ̀ epo rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ rí. Léraléra ni wọ́n ń dúró wá omi bù sí ọkọ̀ náà. Ìyá yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn pé ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi ọkọ̀ rẹ̀ dé.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1901, ará Jámánì mìíràn, Wilhelm Maybach, ti ṣe radiétọ̀ tó dà bí afárá oyin. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí afárá oyin nínú igbó mọ bí ihò rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Radiétọ̀ náà ní ihò kéékèèké 8,070 tí atẹ́gùn ń gbà kọjá láàárín omi. Nítorí náà, nǹkan bí lítà 9 omi péré ti tó ọkọ̀ náà. Omi kan náà ló ń yí po, kò sì fò lọ mọ́ bíi ti àtijọ́. Ọkọ̀ Mercedes ni wọ́n fi í sí. Radiétọ̀ tó wà níwájú ọkọ̀ lónìí, irú-ọmọ tiẹ̀ ni.

AYÉ ỌKỌ̀ AKẸ́RÙ ÀTI TAKISÍ

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù wá pọ̀ ní ilẹ̀ wa, omi odò àti omi kànga ni wọ́n ń bù sí i. Ọmọọṣẹ́ ọkọ̀ ló ni iṣẹ́ náà. Òun ló ń gbé agolo omi, òun ló sì ń wo radiétọ̀ láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí ọkọ̀ bá gun òkè nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí omi sì hó, wọn á dúró títí ó fi tutù.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ dé orí radiétọ̀ pa pinpin. Omi tó wà nínú ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀ ń hó ní ìwọ̀n ooru 100. Ṣùgbọ́n bí a bá dé e pinpin, ó lè dé nǹkan bí 120 kí ó tó hó. Èyí ṣe ẹ́ńjìnnì ní àǹfààní. Ṣùgbọ́n ó mú ewu tuntun wá. Bí ènìyàn bá ṣí ìdérí náà nígbà tí ọkọ̀ ṣì gbóná, omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú jáde sí ojú àti àyà onítọ̀hún. Títí di òní olónìí, ó ń bó àwọn ènìyàn lára.

Àwọn kan wá ronú pé kí àwọn kúkú fi omi sílẹ̀. Ní 1948, Citroën fi ọkọ̀ 2CV han aráyé ní Paris. Atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, kò ní radiétọ̀ omi. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí àwọn zémidjan ń gùn náà ń lo atẹ́gùn báyìí. Ẹ wo ara ẹ́ńjìnnì wọn: irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí ẹ rí níbẹ̀ wà fún atẹ́gùn láti gba ooru lọ.

Peugeot 404 jáde ní 1960, 504 sì jáde ní 1968. Àwọn méjèèjì ṣe takisí púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, omi ni wọ́n sì ń lò. Renault 4 ti 1961 wà lára àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n di omi wọn pa láti iléeṣẹ́. Wọ́n fi ìgò kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá gbóná tó sì wú, á wọ inú ìgò náà. Bí ó bá tutù, á padà. Awakọ̀ kò ní láti ṣí radiétọ̀ mọ́ kó tó mọ ibi tí omi dé. Ìgò yẹn ló di ike omi tí a ń rí lónìí.

OMI DI ÀMÚLÙ

Láàárín 1850 sí 1860, onímọ̀ ará Faransé kan, Charles-Adolphe Wurtz, ṣe oògùn olómi kan tí a ń pè ní glycol. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí a bá pò ó mọ́ omi, omi náà kì í tètè dì. Ní ilẹ̀ òtútù, omi ń di yìnyín, ó sì ń fọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo àmúlù náà. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní líkíìdì. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní kúlàǹtì.

Ẹnìkan lè bi wá pé: Djaloukou kì í ṣe ilẹ̀ yìnyín, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ìdí mẹ́ta wà. Èkíní, kì í jẹ́ kí omi tètè hó. Èkejì, wọ́n fi oògùn sínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ẹ̀kẹta, omi kànga wa ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìkòkò tí a ti fi ń se omi fún ìgbà pípẹ́, ẹ ó rí ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun kan náà ló ń dí ihò radiétọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí. Glycol máa ń dùn lẹ́nu, ó sì ń pani. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní 1990 ní Nàìjíríà, àwọn ọmọdé kú nítorí pé ọ̀kan nínú ẹbí glycol wọ inú oògùn ibà olómi tí wọ́n mu. Láàárín ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nínú oògùn eyín ọmọdé. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 80. Ní 2022 nǹkan bí ọmọ 70 kú ní Gáńbíà, a sì rí irú glycol bẹ́ẹ̀ nínú oògùn ikọ́ tí wọ́n fún wọn. Kì í ṣe inú ọkọ̀ ni ti àwọn ọmọ wọ̀nyí ti wá, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ike líkíìdì bu omi mímu tàbí epo pupa, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má da líkíìdì sílẹ̀ níbi tí ewúrẹ́, ajá tàbí ọmọdé lè lá a. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ara rẹ̀ bá yí.

ỌKỌ̀ ALÁGBÁRA MÉJÌ DÉ

Ní oṣù kejìlá 1997, Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ Prius ní ilẹ̀ Jàpáánù. Irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní hybrid. A ó pè é ní ọkọ̀ alágbára méjì, nítorí pé ó ní ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo, ó sì ní mọ́tò tí ń lo iná bátìrì. Bí ó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, iná nìkan lè gbé e. Bí ó bá ń gun òkè, àwọn méjèèjì á jọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì, mọ́tò iná á dá lára agbára náà padà sínú bátìrì. Lónìí, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn ọkọ̀ àlòkù tí ń gba èbúté Kútọnu wọlé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tó bá ń lo iná kì í gbóná. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan tẹlifóònù tó ń gba iná lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ó ń móoru. Nínú ọkọ̀ yìí, ooru ní ibùgbé mẹ́ta.

Èkíní ni ẹ́ńjìnnì, bíi ti àtijọ́. Ó ní omi tirẹ̀ àti ike tirẹ̀.

Èkejì ni àpótí tí ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí mọ́tò lè lò. A ó pè é ní àpótí iná. Nínú Prius tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2009, àpótí iná ní omi tirẹ̀, ike tirẹ̀ àti pọ́ńpù kékeré tirẹ̀. Omi rẹ̀ kò bá ti ẹ́ńjìnnì pò. Ẹni tó bá wo ike kan ṣoṣo, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Bí pọ́ńpù náà bá kú, omi lè kún ike náà síbẹ̀ kí àpótí iná máa gbóná, nítorí pé omi náà kò rìn. Ní 2012, Toyota pe ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà láti tún pọ́ńpù náà ṣe.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì ńlá tó wà lẹ́yìn. Nínú Prius, atẹ́gùn ló ń mú un tutù. Fáànù kan ń fa atẹ́gùn láti ojú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bí a bá di àpò iṣu tàbí àpò kajú lé ojú ihò náà, tàbí tí eruku ọyẹ́ bá dí i, bátìrì á gbóná, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Bátìrì náà wọ́n púpọ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢỌ́ OMI ỌKỌ̀ ALÁGBÁRA MÉJÌ

Àwọn àgbà ní, "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí." Ohun tí ojú yóò ṣe nìyí:

1. Ẹ wo omi láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí ẹ́ńjìnnì sì tutù pátápátá.

2. Ẹ pa ọkọ̀ náà pátápátá, kí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìnnà sí i. Pé ọkọ̀ yìí dákẹ́ kò sọ pé ó ti kú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ṣáná fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀.

3. Ẹ má fi ọwọ́ kan wáyà tó ní àwọ̀ ọsàn. Iná tó lè pani ló ń gbà á kọjá.

4. Ẹ wo ike méjèèjì. Ìlà méjì wà lára ike kọ̀ọ̀kan. Omi gbọ́dọ̀ wà láàárín ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀.

5. Bí ó bá dín díẹ̀, irú líkíìdì tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ ni kí ẹ fi kún un. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ pupa ti iléeṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí pupa ti èkejì.

6. Bí ó bá tún dín lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ má kàn máa bu u sí i ṣáá. Omi kì í dédé sọnù. Ó ń jò níbì kan, tàbí ẹ́ńjìnnì ń jó o. Ẹ lọ rí mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ náà.

7. Prius kò ní ọwọ́ tí ń fi ìwọ̀n ooru hàn bíi ti ọkọ̀ àtijọ́. Iná pupa ló fi ń kìlọ̀. Bí iná ìkìlọ̀ bá tàn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má sọ pé ó kù díẹ̀ kí a dé ilé.

8. Bí ó bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ má ṣí ìdérí, ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì. Ẹ dúró kí ó tutù. Bí omi ẹ́ńjìnnì bá tán, tí kò sì sí líkíìdì nítòsí, omi mímọ́ lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kí ó wá fọ inú rẹ̀, kí ó sì fi líkíìdì tó yẹ sí i. Ti àpótí iná yàtọ̀. Ẹ má bu omi kànga sí i rárá.

ỌGBỌ́N ÀTIJỌ́ ÀTI Ọ̀NÀ TUNTUN

Láyé Bertha Benz, omi ń fò lọ lójú ẹni, gbogbo ènìyàn sì ń rí i. Láyé ọkọ̀ akẹ́rù, èéfín á rú, ọmọọṣẹ́ á sì bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú agolo. Lónìí, omi wà nínú ike, ó wà níbi méjì, ọkọ̀ náà kì í sì í pariwo. Nítorí náà ni àwọn kan kò fi wò ó mọ́. Wọ́n rò pé ọkọ̀ tuntun ń ṣọ́ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ọmọọṣẹ́ tó ń wo omi láàárọ̀ kò tíì parí. Àgbẹ̀ tó ra ọkọ̀, obìnrin oníṣòwò tó ń háyà ọkọ̀, gbogbo wọn lè ṣe é, nítorí pé kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì mọ ìwé kà lè wo ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀, kí ó ka orúkọ líkíìdì lára ike kí ó tó sanwó. Ẹ̀yin náà ti lè ṣe é báyìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ àti omi ọkọ̀ tiwa?
2. Kí ló dé tí Bertha Benz fi ń wá omi léraléra ní 1888?
3. Ibùgbé mélòó ni ooru ní nínú ọkọ̀ alágbára méjì? Ẹ dárúkọ wọn.
4. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ fi ike líkíìdì bu omi mímu?
5. Ta ló ń wo omi ọkọ̀ tó ń kó ẹrù abúlé yín? Ẹ jọ sọ ọ́.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa kàwé, ẹ sì máa kà á fún àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.